Òórùn Inú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ àti Yíyan Ọṣẹ

Òwe Yorùbá kan sọ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Òwe yìí kò yọ aṣọ fífọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí aṣọ bá ń rùn lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́, ọṣẹ ni kò tó. Wọn a bu ọṣẹ kún ọṣẹ, wọn a sì wá èyí tí òórùn rẹ̀ dùn jù lọ ní ọjà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń lò, wọn yóò rí i pé bí ọṣẹ ti ń pọ̀ sí i ni òórùn burúkú náà ń pọ̀ sí i. Èyí a máa ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí láti kékeré ni a ti mọ̀ pé ọ̀tá ìdọ̀tí ni ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ọṣẹ ti ń ṣiṣẹ́, tí ó sì mọ ohun tí ń rùn nínú aṣọ, kò ní ṣe kàyéfì rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ìlú Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, aṣọ ni a fi ń mọ iyì ènìyàn kí ó tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Bí aṣọ ọmọ ilé-ìwé kan bá ń rùn bí àkísà tútù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í bèèrè bí a ti ṣe fọ aṣọ náà. Ọ̀bùn ni wọn yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé àná ni ìyá rẹ̀ fọ aṣọ náà, tí ó ná owó lórí ọṣẹ, tí ó sì ṣe gbogbo ohun tí ó mọ̀. Ojú ti ọmọ, owó ìyá sì ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀lẹ kò sí nínú àwọn méjèèjì. Àìmọ̀ ni ó fa gbogbo rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, etí odò ni àwọn obìnrin ń kó aṣọ lọ. Odò bí Ọ̀yún, tí ń ṣàn ní agbègbè Ọ̀fà, ni agbada ìfọṣọ wọn, òkúta etí odò sì ni pátákó tí wọ́n ń lu aṣọ mọ́. Ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń lò. Wọn a sun èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí a ti lu ihò sí nídìí, wọn a sì máa rọ omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tí ń kán sílẹ̀ láti ìdí ìkòkò náà mú púpọ̀. A máa jẹ ènìyàn lọ́wọ́. Wọn a se omi eérú yìí pọ̀ mọ́ epo, àdín tàbí òrí, wọn a máa rò ó títí yóò fi ki. Nígbà tí ó bá di ọṣẹ tán, kì í ṣe omi eérú mọ́, kì í sì í ṣe epo mọ́. Ohun méjì ti wọ inú ara wọn, wọ́n ti di ohun kẹta. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe ọṣẹ líle títí di òní. Ohun èlò wọn nìkan ni ó yàtọ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó jẹ́ kí aṣọ àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ́ láìrùn. Èkíní ni omi tí ń ṣàn, tí ń gbé ọṣẹ àti ìdọ̀tí lọ pátápátá. Èkejì ni ọwọ́ tí ń fọ̀, tí ń fún, tí ń lu aṣọ. Ẹ̀kẹta ni oòrùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí lórí koríko tàbí lórí okùn. Kí ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ lónìí rántí pé ẹ̀rọ náà gba iṣẹ́ ọwọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kò mú odò tàbí oòrùn wá pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí odò àti oòrùn ń ṣe tẹ́lẹ̀, ènìyàn ni yóò máa rí sí i.

Ọṣẹ ilé-iṣẹ́ kò pẹ́ títí kí ó tó dé àárín wa. Ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin ní 1908, ọjà òkèèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìlú ní ìrọ̀rùn. Ní 1923, ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fi ìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń ṣe ọṣẹ ní Àpápá ní Èkó. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú dé, tí a ń dà sínú omi tí ó sì ń hó lójú ẹsẹ̀. Omo ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe gbogbo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ní Omo. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà, tí orúkọ rẹ̀ ti di Unilever, kéde pé òun kò ní ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ orúkọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn oníbàárà.

Ní òkè òkun, ní 1907 ni àwọn ará Jámánì gbé Persil jáde, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ń mú aṣọ funfun láìsí pé a ń lù ú. Ní 1937, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Bendix gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ kan jáde tí ń gba omi, tí ń fọ aṣọ, tí ń ṣàn án, tí ó sì ń fún un fúnra rẹ̀. Ní 1946 ni Tide jáde ní Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe epo àti omi eérú ni a fi ṣe é bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí àwọn onímọ̀ pò pọ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú omi gbogbo. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ni ó kún ọjà lónìí.

Báwo ni ọṣẹ ti ń ṣiṣẹ́? Omi nìkan kò lè mú epo kúrò lára aṣọ, nítorí omi àti epo kì í gbé pọ̀. Hóró ọṣẹ tí ó kéré jù lọ, tí ojú kò lè rí, ní orí àti ìrù. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù rẹ̀ fẹ́ràn epo. Nígbà tí a bá da ọṣẹ sínú omi, àwọn ìrù wọ̀nyí a rọ́ mọ́ epo àti òógùn tí ó lẹ̀ mọ́ aṣọ, àwọn orí a sì dojú kọ omi. Wọn a yí ìdọ̀tí náà ká bí ogun ti í yí ìlú ká, wọn a fà á tu kúrò ní ibi tí ó dì mọ́. Ìlú Ọ̀fà ni a mọ̀ fún ìjàkadì, ọmọ ibẹ̀ yóò sì tètè lóye èyí: oníjàkadì kì í dá ẹnìkejì nípa títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí ó dúró sí, kí ó tó dá a, yóò kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọṣẹ ṣe ń gbé ìdọ̀tí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí níbẹ̀. Ọṣẹ tí ó gbé ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ bá omi lọ. Bí omi tí a fi ṣan aṣọ kò bá tó láti gbé gbogbo ọṣẹ náà lọ, ìyókù rẹ̀ yóò gbẹ mọ́ aṣọ àti mọ́ ara ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìdọ̀tí tí ó gbé mọ́ra. Nínú ẹ̀rọ, ìfófòó tí ó pọ̀ jù a tún máa ṣe bí ìrọ̀rí láàárín aṣọ àti aṣọ, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn dáadáa. Nítorí náà, ẹni tí ó da ọṣẹ ìlọ́po méjì ti dín agbára ẹ̀rọ kù, ó sì ti fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ohun tí ń mú aṣọ rùn.

Kí ni ohun náà? Òógùn ènìyàn fúnra rẹ̀ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni ń jẹ òógùn, ọ̀rá ara àti ìyókù ọṣẹ, ohun tí wọ́n sì ń tú jáde ni a ń gbóòórùn. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nípa òórùn àkísà tútù tí í wà lára aṣọ tí a ti fọ̀. Wọ́n rí i pé kòkòrò kan tí a ń pè ní Moraxella osloensis ni ó ń fa òórùn náà jù lọ. Kòkòrò yìí lè fara da gbígbẹ. Èyí ni ó fà á tí aṣọ kan kì í fi í rùn nígbà tí a bá yọ ọ́ nínú àpótí ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti rin ín díẹ̀ ní ọ̀sán, òórùn àtijọ́ a tún padà. Kòkòrò náà kò kú; ó sùn ni, omi sì jí i.

Ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù ni ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó tutù, tí atẹ́gùn kì í dé, tí oúnjẹ sì wà. Inú ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Nínú ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú, rọ́bà tí ó yí ẹnu ọ̀nà ká ní ìṣẹ́po tí omi, irun àti okùn aṣọ ń sá pamọ́ sí. Àpótí kékeré tí a ń da ọṣẹ sí a máa dì, ohun dúdú a sì máa hù sí i lára. Nísàlẹ̀ ni asẹ́ wà, tí ó ń gba owó wẹ́wẹ́, bọ́tìnnì àti èérí. Nínú ẹ̀rọ oníhò méjì, tí ihò kan wà fún fífọ̀ tí èkejì sì wà fún fífún omi kúrò, omi a máa dúró sí ìdí àwọn ihò náà àti sínú rọ́bà tí omi ń gbà jáde.

Ní Nàìjíríà, ohun kan tún wà tí ń dá kún un. Iná mànàmáná lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ yóò wà nínú omi ọlọ́ṣẹ, ilẹ̀kùn yóò wà ní títì, ilé yóò sì móoru. Bí iná kò bá dé títí di ọjọ́ kejì, kí a má ṣe kàn fún aṣọ náà kí a sì sá a. Kí a tún un fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá wà láti yọ omi kúrò kí a sì ṣí ilẹ̀kùn, ó sàn kí a kó aṣọ náà jáde kí a fi ọwọ́ parí iṣẹ́ náà.

Títọ́jú ẹ̀rọ tí ó ti ń rùn kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Lákọ̀ọ́kọ́, kí a yọ ojú iná kúrò lára ògiri. Kí a fi aṣọ mímọ́ nu gbogbo ìṣẹ́po rọ́bà ẹnu ọ̀nà, kí a sì kó ohun tí ó wà níbẹ̀ kúrò. Kí a fa àpótí ọṣẹ jáde, kí a fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Kí a gbé abọ́ sí ìsàlẹ̀ asẹ́, kí a ṣí i, kí a sì fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn èyí, kí a tan ẹ̀rọ náà láìkó aṣọ kankan sí i, kí a yan omi tí ìgbóná rẹ̀ kò dín ní ìwọ̀n 60 ti Celsius, kí a sì lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú díẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò bá lè gbé omi kaná fúnra rẹ̀, kí a da omi tí ó gbóná níwọ̀nba sí i; omi tí ń hó lè ba ike jẹ́. Bí a bá ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òórùn kò ní ráyè fìdí kalẹ̀. Ní ọjọ́ gbogbo tí a bá sì fọ aṣọ tán, kí a kó aṣọ jáde lójú ẹsẹ̀, kí a nu rọ́bà gbẹ, kí a sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀. Níbi tí ọmọ kékeré bá wà, kí a ṣọ́ra kí ó má baà ko ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Ìkìlọ̀ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn kan a máa da bílíìṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Jik tàbí Hypo, pọ̀ mọ́ fínígà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí oògùn ìfọlé ìgbẹ́, kí agbára wọn lè pọ̀. Agbára tí ó jáde níbẹ̀ kì í ṣe fún aṣọ. Afẹ́fẹ́ olóró ni, tí í sun ojú àti ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí a pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Bílíìṣì àti omi nìkan ni ó yẹ kí ó pàdé.

Ó kù kí a mọ bí a ti í yan ọṣẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò ni omi ilé. Omi kan wà tí ọṣẹ líle kì í tètè hó nínú rẹ̀, tí ó sì máa ń fi ohun funfun bí ẹfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò. Àwọn ohun tí ó yọ́ láti inú òkúta ilẹ̀ ni ó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀, wọ́n a máa dì mọ́ ọṣẹ, wọn a sì sọ ọ́ di èérí. Omi òjò kò ní wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dán èyí wò: kí ó bu omi òjò sínú ìgò kan, kí ó bu omi kànga sínú èkejì, kí ó rẹ́ ọṣẹ líle díẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà, kí ó sì mì wọ́n. Èyí tí ó bá hó jù ni omi rẹ̀ rọ̀ jù. Ẹni tí omi ilé rẹ̀ le kí ó yan ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú dípò ọṣẹ líle.

Ohun kejì ni ẹ̀rọ. Ọṣẹ tí a ṣe fún fífi ọwọ́ fọ aṣọ a máa hó púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé ìfófòó ni agbára ọṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú kì í lo omi púpọ̀, ọṣẹ tí kì í hó púpọ̀ ni ó sì bá a mu. A máa ń kọ ọ́ sára páálí ọṣẹ bẹ́ẹ̀ pé ti ẹ̀rọ ni.

Ohun kẹta ni àbàwọ́n àti irú aṣọ. Nínú ọṣẹ mìíràn, ohun kan wà tí a ń pè ní énsáìmù. Otto Röhm, ará Jámánì kan, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ fún lílò ó nínú ìfọṣọ ní 1913. Énsáìmù a máa gé àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, wàrà àti ẹyin sí wẹ́wẹ́ kí omi lè gbé e lọ. Ó dára fún aṣọ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó lè jẹ aṣọ sílíìkì àti èyí tí a fi irun àgùntàn hun. Ní ti aṣọ funfun, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sábà máa ń dára ju olómi lọ, nítorí a lè fi ohun tí ń mú aṣọ funfun sínú rẹ̀, tí kì í lè pẹ́ nínú ọṣẹ olómi. Ọṣẹ olómi dára fún aṣọ aláwọ̀, kì í sì í fi ẹ̀kún lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ nínú omi tútù. Aṣọ òkè àti àdìrẹ ẹlẹ́lùú kì í ṣe ohun tí a ń jù sínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni ó yẹ wọ́n.

Òórùn dídùn ni kí a fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Lọ́fínńdà inú ọṣẹ kì í pa kòkòrò. Ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ara ọmọ ọwọ́ àti ti ẹni tí awọ ara rẹ̀ ń yún a sì máa kọ̀ ọ́. Aṣọ tí ó mọ́ ní tòótọ́ kì í rùn, kì í sì í ta sánsán. Bí aṣọ ni ó ń rí.

Nípa ìwọ̀n ọṣẹ, kí a ka ohun tí a kọ sára páálí, kí a sì fi ife wọ̀n ọ́ dípò kí a kàn bù ú. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè ṣe ìdánwò kan. Kí ó kó aṣọ tí a ti fọ̀ padà sínú ẹ̀rọ, kí ó fi omi nìkan fọ̀ ọ́ láìda ọṣẹ sí i. Bí omi náà bá hó, ìyókù ọṣẹ ni ó ń hó yẹn, ó sì fi hàn pé ọṣẹ tí ó ń lò ti pọ̀ jù láti ọjọ́ yìí wá.

Ní ìkẹyìn, kí a má gbàgbé oòrùn. Nígbà ọyẹ́ ní Ọ̀fà, aṣọ kì í pẹ́ gbẹ lórí okùn, ìṣòro òórùn a sì dínkù. Nígbà òjò ni ìjà náà le. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, kí a fún aṣọ dáadáa, kí a má kó púpọ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín aṣọ àti aṣọ lórí okùn, kí a sì sá a síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Aṣọ tí kò tíì gbẹ kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Ẹyọ kan lè kó òórùn bá gbogbo ìyókù.

Yorùbá ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọṣẹ kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe láìsí omi, omi kò lè ṣe é láìsí oòrùn àti atẹ́gùn, ẹ̀rọ kò sì lè ṣe é láìsí ènìyàn tí ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí aṣọ ẹnìkan bá tún ń rùn, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má ṣe yára pè é ní ọ̀bùn. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè irú omi tí ó fi fọ̀ ọ́, ìwọ̀n ọṣẹ tí ó dà sí i, àti ibi tí ó sá a sí.